Èéfín Tí Kò Gba Ìrù Jáde

"Òkú kì í pọ́n báyìí," ni dókítà wí. Ó ká aṣọ funfun kúrò lójú obìnrin náà, ó sì sún sẹ́yìn kí Abẹ́rẹ́ lè rí i dáadáa.

Lóòótọ́ ni. Ètè òkú náà pọ́n bíi ti ẹni tó kun ọ̀dà ètè lọ síbi ìgbéyàwó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n, ìdí èékánná rẹ̀ náà pọ́n. Ọgbẹ́ kan wà níwájú orí rẹ̀ níbi tó ti forí sọ gíláàsì mọ́tò, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò ju èyí tí wọ́n ń fi òwú nù tí wọ́n sì ń ní kí èèyàn máa lọ sílé. Gbogbo àdúgbò ló ti gbà pé oorun ló gbé obìnrin náà lórí ìrìn tó fi lọ kọ lu ògiri ilé-iṣẹ́ onípákó. Dókítà ní oorun kọ́. Ó ní kí mọ́tò tó kan ògiri ni ẹ̀mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ tán lára rẹ̀. Èéfín mọ́tò ló kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámúbámú, irú èyí tó máa ń rọra wọlé bí àlejò, tó sì máa ń gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́.

Abẹ́rẹ́ bi í pé ta ló ti sọ fún. Ó ní òun kò tíì sọ fún ẹnì kankan.

"Ẹ má sọ ọ́," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ ṣì máa sunkún ọgbẹ́ orí."

"Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án yìí. Kí ni kí n wí fún un?"

"Ẹ wí fún un pé ọmọ rẹ̀ kò jẹ̀rora." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó fi kún un pé, "Kì í kúkú ṣe irọ́."

Ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Abẹ́rẹ́. Kò ga, kò sanra, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á rò pé tíṣà àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn tó ti gbìyànjú láti gbé e mì ló sọ ọ́ lórúkọ náà, ẹ̀wọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn sì wà títí di òní. Kì í pariwo mọ́ èèyàn, kì í sì í lu èèyàn. Kọ́púrù tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó sàn kó máa lù wọ́n.

Ní ti olóògbé náà, Eyínfúnjowó ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń pè é, orúkọ yìí ló sì wá mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù bàtà ló ní, kò tíì lọ́kọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lòun àti ìyá wọn sì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n yìí ni wọ́n ń pè ní Ìjì, mọ́tò rẹ̀, èyí tí àbúrò rẹ̀ kú sínú rẹ̀, ló sì fún un lórúkọ náà. Ilé-iṣẹ́ tó rọ mọ́tò ọ̀hún gan-an kò lè dá a mọ̀ mọ́. Ìjì ti yọ ẹ́ńjìnnì tó bá a wá, ó ti gbé èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Ó ti ju asẹ́ tó ń sẹ́ májèlé inú èéfín nù, ó ti gé sàláńsà rẹ̀ kó lè máa bú ramúramù. Bó bá ń bọ̀ láti òpópónà kejì, ìkòkò á ti máa gbọ̀n lórí iná.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé mọ́tò yìí lọ fún àyẹ̀wò èéfín tí ìjọba ń ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lé e padà. Òfin sì sọ pé èyí tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́ irin ló ń lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí Eyínfúnjowó kú, mọ́tò náà yege.

Ohun tó da Kọ́púrù láàmú nìyẹn. Ó dúró ti mọ́tò náà nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń wo iwájú rẹ̀ tó tẹ̀ wọnú àti iná ojú rẹ̀ kan tó fọ́.

"Màdáámù, mọ́tò tí èéfín rẹ̀ mọ́ láàárọ̀, báwo ló ṣe wá fi èéfín pa èèyàn kí ọ̀sán tó pọ́n?"

"Ó lè jẹ́ pé èéfín rẹ̀ kò mọ́."

Ibùdó àyẹ̀wò ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí Kọ́púrù gbà pé ọkùnrin tó ń yẹ èéfín wò níbẹ̀ ti gba rìbá. Wọn kò pẹ́ níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi yí padà. Ọkùnrin ọ̀hún kò lè gbọ́ orúkọ Ìjì kó má tutọ́ sílẹ̀. Ìjì ti pe ìyá rẹ̀ lórúkọ burúkú lọ́jọ́ tí mọ́tò kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ti ń retí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bí ẹni ń retí ọdún. Ó ní nígbà tí ìyàwó Ìjì gbé mọ́tò náà dé, òun fúnra òun lòun ki ọ̀pá ẹ̀rọ bọ ìdí sàláńsà. Nígbà tó yege, òun fa ọ̀pá náà yọ, òun nù ún, òun tún tì í bọ̀ ọ́. Ó tún yege. Ojú rẹ̀ korò bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé òun ni wọ́n kú fún.

"Ẹni tó gba rìbá kì í bínú báyẹn," ni Abẹ́rẹ́ wí nígbà tí wọ́n ń padà.

Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kí Kọ́púrù ṣíná mọ́tò náà. Òun bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ẹnu sàláńsà. Ẹ́ńjìnnì ń bú débi pé àwọn ọlọ́pàá ń yọjú lójú fèrèsé, àmọ́ èémí tó ń gba ìrù mọ́tò jáde kò ju èyí tí èèyàn fi ń fẹ́ tíì gbígbóná lọ.

Ó pariwo kí Kọ́púrù lè gbọ́. "Ibo ni èémí yòókù ń gbà lọ?"

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sí i, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ mọ́tò. Kò wá a jìnnà. Ẹnì kan ti fi ayùn la sàláńsà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, ó là á lọ́nà tí ẹnu rẹ̀ yà bí ẹnu ẹja. Ibẹ̀ ni èéfín ń tú jáde, ibẹ̀ náà sì ni atẹ́gùn ìta ń gbà wọlé. Àdàlù èéfín àti atẹ́gùn ló wá ń dé ìdí sàláńsà, òun náà sì ni ẹ̀rọ ìjọba ń tọ́ wò tó ń sọ pé ó mọ́. Ohun tí kò gba ìrù jáde ti gba ikùn jáde.

Abẹ́rẹ́ wọnú mọ́tò, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ihò róboto kan wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti fa wáyà kọjá nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí róbà dí i, ṣùgbọ́n róbà kò sí níbẹ̀. Eruku yí ibẹ̀ ká, àmọ́ etí ihò mọ́ roro níbi tí róbà jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì gíláàsì ọ̀tún, ó tẹ tòsì, kò sí èyí tó mira nínú wọn. Fíúsì tó ń gbé iná dé ọ̀dọ̀ wọn kò sí nínú àpótí rẹ̀.

"Wọ́n la sàláńsà, wọ́n yọ róbà, wọ́n sì yọ fíúsì," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹni tó la sàláńsà lè ní òun ń wá bí mọ́tò á ṣe yege ni. Ti àwọn méjì yòókù ńkọ́?"

Kọ́púrù ti mọ ẹni tó ń wá. Sípánà ni, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò Ìjì ṣe. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Sípánà ti fẹ́ fi Eyínfúnjowó ṣaya, pé obìnrin náà sì fi í rẹ́rìn-ín níwájú àwọn oníbàárà pé òun kò lè fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Wọ́n mú un wá. Abẹ́rẹ́ kò gbóhùn sókè. Ó kàn ṣàlàyé fún un bí yàrá ẹ̀wọ̀n ṣe máa ń rí fún ẹni tó pa obìnrin, àti ohun tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù máa ń fi ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Kò fi ìkankan pa mọ́ nínú rẹ̀. Kò tíì parí tí Sípánà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo la sàláńsà, mà. Ìjì ló ní dandan ni kí mọ́tò yẹn yege. Wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, mo fẹ́ fi iná jó ẹnu rẹ̀ pa padà."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kó má wà á pẹ̀lú gíláàsì ní títì. Mo sọ ọ́ léraléra. Mo ní á pa á."

"Ta ló gbọ́ nígbà tí ò ń sọ ọ́?"

Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó búra pé róbà wà níbi tó yẹ kó wà, pé gíláàsì ń lọ ń bọ̀ geere nígbà tí Ìjì wá gbé mọ́tò náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kọ́púrù ní irọ́ ló ń pa. Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n tì í mọ́lé ná, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, ó yíjú sí Kọ́púrù.

"Ká ní ó fẹ́ pa Eyínfúnjowó, ta ló sọ fún un pé Eyínfúnjowó ló máa wa mọ́tò yẹn? Ìyàwó Ìjì ló gbé e kúrò nílé."

Ìyàwó Ìjì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọlé. Aṣọ funfun ló ń rán. Aránṣọ ni, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn rán aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún òkú náà. Ojú rẹ̀ wú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣìnà lórí aṣọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdúró. Ó ní ọkọ òun ló bẹ òun pé kí òun bá a gbé mọ́tò lọ, nítorí ọkọ òun àti ọkùnrin àyẹ̀wò ń bínú síra wọn, obìnrin a sì mọ̀ ọ́n bẹ̀. Ọkọ òun ti sọ pé wáyà gíláàsì jóná, pé á di títúnṣe tó bá di ọjọ́ kejì. Nígbà tí òun fi máa dé ibùdó àyẹ̀wò, orí ń fọ́ òun bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, òun sì bì sí gọ́tà. Òun rò pé àìsùn ni. Ṣọ́ọ̀bù Eyínfúnjowó kò jìnnà síbẹ̀, ó sì wá kí òun. Ó rí i pé ara òun kò dá, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní kí òun wọ bọ́ọ̀sì kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí òun, òun Eyínfúnjowó á gbé mọ́tò dé ilé.

"Èmi ni mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, mà," ni ó wí. "Ọwọ́ ara mi."

Abẹ́rẹ́ bi í pé kí ló fa àìsùn. Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó wo ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. Ó ní òun ti sọ fún ọkọ òun pé òun fẹ́ kó kúrò nílé rẹ̀, pé ilé náà ti sú òun. Kò na òun, kò bú òun. Ṣe ló rẹ́rìn-ín, tó ní ohun tó bá jẹ́ ti òun kì í kúrò lọ́wọ́ òun. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọmọlúàbí.

"Ẹ ṣì ń lọ?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ báyìí? Orí itan mi ló ń sunkún lé. Kò jẹun. Bí mo bá dìde, á di aṣọ mi mú. Mo ti sọ fún un pé mi ò lọ mọ́."

Abẹ́rẹ́ dìde, ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó sì jáde. Kò sọ ohun tó ti fura sí fún un. Ó lè sọ ọ́, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí Ìjì ṣì máa sunkún lórí itan náà títí di ọ̀la.

Kọ́púrù ṣì ń ṣiyèméjì. Ó ní ẹkún Ìjì kì í ṣe ẹ̀tàn, òun fúnra òun rí i bó ṣe ń forí gbálẹ̀ níwájú òkú, ọkùnrin mẹ́rin ló dì í mú.

"Ta ló ní ẹ̀tàn ni?" ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ọdẹ tó yìnbọn sí ẹtu, tí ọta lọ bá ọmọ rẹ̀, ṣé kò ní sunkún ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí Ìjì pé kó wá wo mọ́tò rẹ̀, kó wá tọ́ka sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin náà ti rù, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti jókòó sórí ìjókòó awakọ̀. Ó ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òun. Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Abẹ́rẹ́ ṣíná mọ́tò.

Kò bi í nípa mọ́tò rárá. Nípa àbúrò rẹ̀ ló ń bi í, bó ṣe kéré tó nígbà tí bàbá wọn kú, ta ló san owó ilé-ìwé rẹ̀, ta ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Ìjì ní òun ni. Òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ kúrò lára Abẹ́rẹ́, ó lọ sí kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó awakọ̀, ó padà wá, ó tún lọ.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yìí."

"Kí ló dé?"

"Ooru ni."

"Bọ́tìnnì gíláàsì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yín yẹn."

Ìjì kò tilẹ̀ wò ó. Ilẹ̀kùn ló dì mú. Ilẹ̀kùn kò ṣí, nítorí Kọ́púrù fara tì í níta bí ẹni tó ń sinmi. Ìjì fi èjìká gbá a, ó fi ọrùn ẹ̀wù bo imú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Èéfín ti ń wọlé, mà. Ẹ fẹ́ pa àwa méjèèjì ni?"

"Èéfín wo?"

Ìjì fi ọrùn ẹ̀wù sílẹ̀.

"Sípánà ti jó sàláńsà yẹn pa láàárọ̀ yìí níṣojú mi," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Mo ti fi róbà dí ihò. Atẹ́gùn ibí mọ́ ju ti yàrá rẹ lọ. Ọgbẹ́ orí la sì sọ fún ẹbí rẹ pé ó pa á. Ta ló sọ èéfín fún ọ?"

Ìjì gbọ́ bí "ẹ" ṣe di "o" lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì. Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀ geere láìpariwo. Ó ti fi fíúsì tuntun sí i.

"Ẹni tí atẹ́gùn bá há mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ síbí. O ò fọwọ́ kàn án. O mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́, torí ìwọ lo yọ fíúsì rẹ̀."

Nígbà tí Ìjì lanu, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ọbẹ̀.

"Kì í ṣe òun ni mo dẹ pańpẹ́ fún."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ẹkún rẹ gbọ́." Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ọ̀nà tó jìn ni àbúrò rẹ gbà, àwọn tó rí i sọ fún mi. Ó ń fọn fèrè mọ́tò sí gbogbo ẹni tó mọ̀, kí wọ́n lè rí i nínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ká ní ó gba ọ̀nà tó yá ni, orí fífọ́ lásán ni ì bá gbé délé."

Ìjì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ sọ ìyókù, títí dé orí ògiri onípákó, kó tó ní kí Kọ́púrù wá mú un.

Ìyá Ìjì àti ìyàwó rẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gbé oúnjẹ lọ́wọ́, nítorí wọ́n gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Abẹ́rẹ́ fún wọn ní àga. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn láìfi oyin sí i: ẹni tó dẹ ẹ́, ẹni tó dẹ ẹ́ fún, àti ohun tó mú kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó náà gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu itan ara rẹ̀ lórí aṣọ, ó ń nù ún, bí ẹni pé nǹkan ṣì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ìyá àgbà kò sunkún. Ó jókòó, ó ń wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí tí Abẹ́rẹ́ fi rò pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀yìn náà ló wá bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bèèrè ọ̀nà:

"Ìyàwó mi, o ò wá lè fara da orí fífọ́ yẹn délé?"

Àwọn ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì kò gbójú sókè. Ìyàwó náà dìde, ó di apá ìyá àgbà mú láti gbé e dìde, nítorí eékún rẹ̀ kò dára, kò sì sí ọmọ mìíràn tó máa dì í mú. Ìyá àgbà gbọn ọwọ́ náà kúrò. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé àtẹ̀gùn àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì dúró síbẹ̀, torí kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, kí ìyá àgbà tó na ọwọ́ sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn, tí èkejì sì gbà á.